Mo ń gbọ́ hóònù, àmọ́ n kò mọ apá ibi tó ti ń dún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọlọ́kadà ni mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí omi ti wọ etí òsì mi níbi tí mo ti ń wẹ̀, etí náà sì dí. Mo ṣì ń gbọ́ hóònù, àmọ́ n kì í mọ apá ibi tó ti ń bọ̀ mọ́. Níjọ́sí lọ́nà Ìlọrin, mo rò pé ọ̀tún ni ọkọ̀ ajagbé kan wà, mo yà sí òsì fún un, òsì gan-an ló sì wà. Ṣé kì í ṣe pé ọpọlọ mi ló ti bà jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Mo bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí ẹ sọ kò jọ ti ọpọlọ rárá. Iṣẹ́ tó yẹ kí etí méjèèjì jọ gbé fún un ni ẹyọ kan ń dá gbé.

Hóònù tó bá dún lápá òsì yín máa kọ́kọ́ dé etí òsì, ó sì máa le níbẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, torí orí yín dí i lọ́nà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àkókò tó fi ń kọjá láti etí kan dé èkejì kò pé ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdí ọpọlọ, lókè ọrùn, ni wọ́n ti ń ka ìyàtọ̀ kékeré yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún, àwọn mìíràn wà lápá òsì. Etí ọ̀tún ń ta ti ọ̀tún jí, etí òsì sì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lódìkejì. Apá tí ẹnu rẹ̀ kò bá pa mọ́ ni ọpọlọ máa gbà gbọ́.

Ìpanilẹ́numọ́ yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé títa ara wọn jí nìkan ni iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀ ń jẹ́ glycine. Ẹni tí ìṣó gún, tí tẹ́tánọ́ọ̀sì mú, tí àgbọ̀n rẹ̀ tì pa, májèlé àìsàn náà ni kò jẹ́ kí irú kẹ́míkà yìí jáde, kò wá sí ohun tó máa sọ fún ẹran ara pé ó tó.

Ọ̀nà ìpanilẹ́numọ́ yìí sì jìn. Ìròyìn etí òsì ní láti sọdá sí ọ̀tún, kó tún gba ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì kan sí i, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ dé. Hans Held, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara kan ní Jámánì, ṣàpèjúwe ojúkò tí iṣan ti ń kan sẹ́ẹ̀lì, tó ń jẹ́ kó yá bẹ́ẹ̀, ní 1893. Níbòmíràn nínú ọpọlọ, ẹnu tín-ín-rín ni iṣan fi ń kan sẹ́ẹ̀lì. Níbí, ó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, ó sì rọra di sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo mú bí ẹni di ẹyin mú. Ojú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ti ń tú kẹ́míkà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìròyìn má baà falẹ̀. Ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu dòní.

Ní báyìí tí etí òsì yín dí, kò lágbára tó láti pa ti ọ̀tún lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo hóònù fi ń jọ ti ọ̀tún létí yín.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí etí ni omi mú wú. Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná tàbí kọ́kọ́rọ́ ro ó, ẹ má sì da kẹrosíìnì sí i; ẹ lè ṣe awọ tín-ín-rín inú etí léṣe. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni, ti LAUTECH tàbí ti Bowen, kẹ́ ẹ béèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán tí kò yí padà, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ti ń lẹ wáyà mọ́ orí, tí ẹ̀rọ á máa dún kọ́-kọ́-kọ́ sétí, tí wọ́n á sì ka bí ìdí ọpọlọ ṣe ń dáhùn. Kì í dunni, èèyàn tiẹ̀ lè sùn lórí ẹ̀. Àmọ́ tí etí ẹnikẹ́ni bá dédé dí lójijì, tí kò sí omi, tí kò sí ìdọ̀tí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ.

Títí ẹ ó fi rí dókítà, tẹ́ ẹ bá ti tú dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà yín, ẹ so méjèèjì padà lónìí.