Iná UVB inú ilé fún psoriasis: ẹ má tíì dá a padà

Ẹ̀gbọ́n tó ní àwọn ti ń lo iná UVB (irú ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn, tí ẹ̀rọ ń tàn sára) nílé fún bí oṣù méjì nítorí psoriasis, àìsàn awọ tó máa ń ga, tó sì máa ń ní èépá, pé àmì rẹ̀ ṣì wà lára ìgbọ̀nwọ́ àwọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yún àwọn mọ́, pé àwọn fẹ́ dá ẹ̀rọ náà padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ tún ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ráyè lẹ ń ṣe é. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àti Ìbàdàn ni psoriasis ti ń bá mi fínra, làpálàpá ni gbogbo èèyàn ń pè é, kò sí ọṣẹ tí wọn ò ní kí n fi wẹ̀. Ìgbà tí mo dé Amẹ́ríkà ni dókítà awọ tó mọ̀ ọ́n, ó ní kí n máa wá gba iná ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èèyàn tó ń ṣe ṣíìfù alẹ́, kó máa wa mọ́tò lọ kó máa wà á bọ̀ nítorí iná tí kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣé kò ní sú u ni? Ó sì ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn o. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní LITE, ó jáde nínú JAMA Dermatology, ìwé ìwádìí àwọn dókítà awọ, lọ́dún 2024, èèyàn 783 ni wọ́n tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn kan nílé, àwọn kan ní ọsibítù. Nínú àwọn tó ń ṣe é nílé, bí ìdajì ló ṣe é bó ṣe yẹ, ti ọsibítù ò ju bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ara àwọn ti ilé sì mọ́ tó ti ọsibítù. Àmọ́ ẹ wò ó o, nílé pàápàá, ìdajì yòókù ò ṣe é tó.

Ohun tó jẹ́ kí tèmi dúró ni pé mo so ó mọ́ ìwẹ̀. Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè, Fúráìdè, tí mo bá ti wẹ̀ tán, iná ló kàn kí n tó fi kiríìmù kankan para, ìyàwó mi á bá mi wo ẹ̀yìn. Mi ò dúró de ìgbà tí mo bá ráyè, torí ta ló ń ráyè nílùú yìí?

Ìdí tí fífò ò fi dáa ni pé díẹ̀díẹ̀ ni sẹ́kọ́ǹdì iná yẹn ń lọ sókè bí awọ ṣe ń mọ́ ọn lára, tẹ́ ẹ bá sì dúró, awọ á gbàgbé. Nínú ìwé tí nọ́ọ̀sì fún mi, tí mo bá fò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, màá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́kọ́ǹdì náà kúrò, tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ Nàìjíríà ní Dìsẹ́ńbà, ẹ gbọ́ o.) Torí náà ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń fo òmíì, kò lè dé ibi tí iná ti ń ṣiṣẹ́ gidi láé. Ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ fi ìlọ́po méjì san gbèsè ọjọ́ tẹ́ ẹ fò, ẹ máa jóná ni. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n rẹ̀ kì í hàn, ẹ máa ṣọ́ bóyá ó ń gbóná tàbí ó ń ta yín lọ́jọ́ kejì. Awò tó ń dáàbò bo ojú yín lọ́wọ́ iná yẹn, ẹ má yọ ọ́ rárá, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bo nǹkan ọmọkùnrin yín.

Ti kiríìmù: èyí tó bá ní salicylic acid, ìyẹn èyí tó ń bó èépá, ẹ má fi para ṣáájú iná torí ó máa ń dí i lọ́wọ́. Calcipotriol, kiríìmù psoriasis kan náà, ẹ̀yìn iná ni. Tí wọ́n bá fún yín ní doxycycline, oògùn apakòkòrò kan tó lè jẹ́ kí iná tètè jó awọ, fún nǹkan míì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà awọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wa dúró jù ni àwọ̀. Iná yẹn á mú yín dúdú sí i, màmá mi tiẹ̀ bi mí lórí fídíò pé ṣé oko ni mò ń ro ní Amẹ́ríkà ni. Ibi tí psoriasis wà tẹ́lẹ̀ náà á ṣokùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ pa ojú dé, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á. Tí kò bá ga, tí kò ní èépá, àìsàn ti kúrò níbẹ̀, àwọ̀ ló kù. Bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ìgbọ̀nwọ́ yín yẹn, ó jọ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ láìka gbogbo fífò yẹn sí.

Ẹ pe klíníìkì yín, ẹ sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fò fún wọn gan-an, ẹ má bù ú kù, kí wọ́n lè sọ iye sẹ́kọ́ǹdì tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ padà.