Ṣé owó tí lọ́yà ń san fún mi lórí orúkọ àwọn tó fara pa tọ́ sí mi?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àáfà. Ilé ìwòsàn kan ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wá oníbàárà fún lọ́yà ní kí n máa fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó ní ìjàm̀bá ọkọ̀ ránṣẹ́ sí òun, ó sì ń fún mi ní dọ́là 300 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣe é lórí ẹni mẹ́rin. Ó ní ìrànlọ́wọ́ là ń ṣe, pé àwọn náà á rí owó gbà. Ṣé hàláálì ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam, arákùnrin mi. Rárá, kì í ṣe hàláálì. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Suuratu An-Nisaa'i, ẹsẹ 58, pé kí á dá àmánà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa, padà fún àwọn tó ni ín. Ẹni tí wọ́n gbé wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, tó sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún ọ kí wọ́n lè pe ìyàwó rẹ̀, àmánà ló gbé lé ọ lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1996 pàápàá ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn.

O lè ní iṣẹ́ alágbàtà lo ṣe. Òótọ́ ni pé owó alágbàtà tọ́. Imam Bukhari ya orí kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé hàdíìsì rẹ̀. Gbígba agbẹjọ́rò náà kò burú. Sáyídínà Alí a máa jẹ́ kí Aqīl, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣojú òun nínú ẹjọ́. Àmọ́ ohun tó wà níkàáwọ́ alágbàtà láti tà ló ń tà. Ìwọ ta ohun tí wọ́n ní kí o ṣọ́. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ṣẹ́bi lé ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Nínú ìwé hàdíìsì Bukhari àti ti Muslim, Ànọ́bì kọ̀ fún wa láti máa lọ pàdé àwọn tó ń gbé ẹrù bọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣe alájàpá rí yóò mọ ìdí rẹ̀: àgbẹ̀ tí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà oko kò tíì gbọ́ iye tí wọ́n ń ta iṣu, iye tí wọ́n bá dá lé e ni yóò gbà. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, tí abẹ́rẹ́ apàrora ṣì ń kùn lójú, òun náà kò tíì dé ọjà. Kò mọ ohun tí ìpalára rẹ̀ máa ná an, kò tíì bá lọ́yà mìíràn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti na ìwé sí i kó fọwọ́ sí i.

Ànọ́bì ní tí ẹlẹ́rù bá dé ọjà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tú òwò náà ká. Ohun tí òfin Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, sọ kò jìnnà sí i: àdéhùn tí wọ́n fi irú ọ̀nà yìí gbà, oníbàárà lè ní kí kóòtù fagi lé e, kó sì gba dọ́là 10,000 lé e. Barratry ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣẹ̀ náà níbẹ̀, owó tí wọ́n ń san láti fi wá ẹjọ́ báyìí lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 10 wá. Lẹ́tà lásán, lọ́yà kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fara pa títí ọjọ́ 30 yóò fi kọjá.

Tí àánú wọn bá ń ṣe ọ́, dúró kí ẹni náà fẹnu ara rẹ̀ béèrè lọ́yà, kí o sì júwe ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ yín fún un láìgba kọ́bọ̀.

Jáwọ́ lónìí, kí o sì tuuba. Má ṣe dá dọ́là 1,200 náà padà fún ọ̀gbẹ́ni yẹn, yóò fi ra ẹlòmíràn ni. Fi í fún àwọn aláìní, láìretí láádá, ohun tí Ibn Taymiyyah àti àwọn onímọ̀ mìíràn wí nìyẹn. Tí o bá ti ná an, máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn mẹ́rin yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ. Wá agbẹjọ́rò tí kò lọ́wọ́ sí i, sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kó fọ̀nà hàn ọ́ lórí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ pé wọ́n lè jáde nínú àdéhùn náà. Títí dìgbà náà, máa dárúkọ wọn nínú àdúà lẹ́yìn ìrun.