Fífi CT ránṣẹ́ sí Ìbàdàn: dátà kọ́ lowó ń bá lọ

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá ó pé ọsibítù kékeré kó máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fi CT (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà ní ègé-ègé) àti X-ray ránṣẹ́ sí radiologist, ìyẹn dókítà tó ń ka àwòrán, n'Ìbàdàn, àbí kí wọ́n ṣáà máa kó CD lé aláìsàn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi ti rí. Radiographer ni mí, èmi ni mò ń ya àwòrán yẹn, ọsibítù aládàáni ni mo wà, a ò sì ní radiologist tó ń jókòó tì wá.

Dátà tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù yẹn kéré jù nínú ẹ̀ o. Ègé CT kan ò ju ìdajì MB lọ, tẹ́ ẹ bá ya orí ní ègé 5mm, ègé bíi 30 náà ni, 15 MB péré. Ti 1mm á tó 150, ìyẹn bíi 75 MB, a máa ń jẹ́ kí ti 5mm kọ́kọ́ lọ, kí radiologist ti máa kà á ná kí ìyókù tó dé.

Iná lowó ń bá lọ, torí bátìrì inverter tó ń gbé kọ̀ǹpútà àti router ò kí ń ṣe owó kékeré, tí NEPA bá ṣẹ́jú pẹ́n báyìí, ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ ni. Dọ́là wá tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, tó ń bá wa tọ́jú àwòrán tó sì ń fi í ránṣẹ́, máa ń gbowó oṣooṣù lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò ẹ̀. Ìgbà tá a tọwọ́ bọ̀wé, dọ́là ò tíì pé 500 náírà ní báńkì, bí wọ́n ṣe tú náírà sílẹ̀ ní June 2023 báyìí, kí 2024 tó parí ó ti lé ní 1,500, àwòrán kan náà là ń fi ránṣẹ́ o, aláìsàn gan-an ti ń dín kù torí kò sówó nílùú. A ní a fẹ́ kúrò, wọ́n ní a máa sanwó ká tó kó àwòrán wa jáde, àwòrán tá a fọwọ́ ara wa yà! Ẹ wá ibẹ̀ nínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Orthanc là ń lò báyìí, sọ́fútíwià tó ń tọ́jú àwòrán tó sì ń fi í ránṣẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, ọsibítù yunifásítì Liège ní Belgium ló ti wá, 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, kọ̀ǹpútà lásán ló sì ń gbé e. Iye àwòrán tí radiologist bá kà la ń sanwó ẹ̀. Tí iṣẹ́ yín ò bá pọ̀, ẹ má gba ti oṣooṣù rárá.

Ẹni tó bá ní ṣebí WhatsApp wà, ẹ bi í bóyá ó ti rí ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ egungun agbárí rí. Egungun funfun, ẹ̀jẹ̀ náà funfun, téèyàn ò bá lè yí window (bí àwòrán ṣe funfun tàbí dúdú sí) fúnra ẹ̀, méjèèjì á dà pọ̀. Ọlọ́kadà kan wà nínú àwọn aláìsàn wa tó jẹ́ pé fọ́tò screen tí dókítà wa yà, tí iná ọ̀pá tàn sí gbàgàdà, kò fi nǹkan kan hàn, DICOM, ìyẹn fáìlì àwòrán gangan látinú ẹ̀rọ, tá a fi tẹ̀lé e lẹ́yìn ló fi ẹ̀jẹ̀ yẹn hàn.

Ọsibítù ló ń náwó, aláìsàn ló ń jèrè ẹ̀ jù: owó ọkọ̀ àti owó CT ẹ̀ẹ̀kejì tí ò ní san mọ́. Akáńtáǹtì wa ò tiẹ̀ gbà pé èrè kankan wà níbẹ̀ àfìgbà tó rí i pé fíìmù tá à ń rà láti fi tẹ àwòrán ti dín kù.

Àmọ́ CT ẹ̀ẹ̀kejì yẹn lọ́rọ̀ wà, torí àwọn ọsibítù ńlá míì, àwòrán á ti dé ọ̀dọ̀ wọn kedere, wọ́n á ṣì ní ẹ̀rọ tàwọn làwọn gbà gbọ́, wọ́n á ní kó lọ sanwó tuntun. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ pe ibi tẹ́ ẹ máa ń darí aláìsàn sí jù, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ṣí i, ta ló máa ṣí i láàárín òru, àti bóyá wọ́n á fi ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣáà máa fi CD rán aláìsàn, ẹ fowó yín ra bátìrì ná.