Kí ni ìtumọ̀ orúkọ ogun tí a ń pè ní Múgbámúgbá?

Olùbéèrè fẹ́ mọ ìtumọ̀ Múgbámúgbá, ó sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni orin ogun Yorùbá kò rántí ẹnikẹ́ni àfi jagunjagun.

Múgbámúgbá ni ìgbìyànjú kejì tí àwọn Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Tápà, ṣe láti lé àwọn Fúlàní kúrò ní Ìlọrin lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ṣàlàyé pé àsìkò tí èso igi irúgbá gbó, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ni ogun náà bọ́ sí, àti pé, nítorí pé gbogbo irè oko ti run, èso náà ni àwọn tí ó dó ti ìlú àti àwọn tí wọ́n dó tì jọ ń jẹ. Igbá, ìyẹn èso irúgbá náà, ni tọ̀tún tòsì ń mú jẹ, òun náà ni ó sì sọ ogun lórúkọ. Ẹni tí ó bá ti lá ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè inú èèpo rẹ̀ rí mọ̀ pé ó dùn lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ́ ni fún àgbàlagbà tí ebi ń pa.

Orúkọ yìí kò dá ọba tàbí balógun kankan mọ̀. Ebi nìkan ni ó mọ̀. Bákan náà ni Jálumi, ogun ọdún 1878 nítòsí Ìkìrun, ṣe ń sọ ti àwọn tí ó sá títí wọ́n fi já lu odò Ọ̀tìn. Kírìjì (1877–1893) ní tirẹ̀ jẹ́ ìró ìbọn, gẹ́gẹ́ bí etí ṣe gbọ́ ọ.

Ní ti orin, òótọ́ wà nínú ìfura olùbéèrè. Nínú oríkì akọni, ẹni tí a kó lẹ́rú kì í ní orúkọ. Iye wọn ni a fi ń yin ẹni tí ó kó wọn. Èmi a máa gba olùwádìí níyànjú pé kí ó tẹ́tí sí rárà ìyàwó, tí àwọn kan ń pè ní ẹkún ìyàwó, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, tí yóò máa pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìkòyí, ìlú tí ogun ti tú ká kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ̀.