Ẹ Bi Àǹtí Kọ̀ǹpútà: Tuntun ni, refurbished ni, àbí tòkunbọ̀?

Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́bàá LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù JAMB, fótókọ́pì, gbogbo ẹ̀ là ń ṣe. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí mo ń lò, àwọn gàgàrà ayé àtijọ́ ni. Tí a bá tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jẹnẹrétọ̀ mi á máa mí hẹlẹ. Mo fẹ́ fi àwọn kọ̀ǹpútà kékeré (mini PC) tí kò ju Bíbélì lọ yẹn rọ́pò wọn. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ní kí n ra tuntun. Ẹni tó ń tà á n'Íkẹjà ní refurbished, ìyẹn àlòkù tí wọ́n tún ṣe, ló dáa jù. Aládùúgbò mi tó fẹ́ ti káfé rẹ̀ pa ní òun á ta tòun fún mi ní owó pọ́ọ́kú. ₦900,000 ni gbogbo owó ọwọ́ mi. Èwo ni kí n ṣe?
— Ìyá Onítẹ̀wé, Ògbómọ̀ṣọ́

Màmá mi, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yín falẹ̀: tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà, kó jẹ́ 8th gen (ìran kẹjọ processor Intel, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) sókè, kí ẹ sì kọ́kọ́ ra ẹyọ kan ná. Ti aládùúgbò yín, ẹ bá a dúpẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ohun tí àwọn tó ń tajà kì í kọ́kọ́ sọ ni pé ọjọ́ orí processor ṣe kókó ju orúkọ tí wọ́n fi ń polówó ọjà lọ. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 tó kù, tó bá jẹ́ ti Intel, láti 8th gen lọ ni Microsoft fọwọ́ sí, pẹ̀lú ohun ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0. Ìdí nìyẹn tí owó 6th gen àti 7th gen fi rọ̀ báyìí. Àwọn ọmọ Ìkẹjà á bá yín fi Windows 11 sórí 6th gen, á sì ṣiṣẹ́ lójú yín, àmọ́ ọgbọ́n àyínìke ni wọ́n fi gbé e wọlé, Microsoft ò sì ṣèlérí pé yóò máa rí àtúnṣe ààbò gbà. Ẹ̀yin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ki flash mọ́ kọ̀ǹpútà yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé “core i5 ni, mà”, ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. i5-6500T, 6th gen nìyẹn. i5-8500T, 8th gen nìyẹn. Nínú ti Dell, ẹ béèrè OptiPlex 3060 Micro tàbí 7060 Micro. Nínú ti HP, EliteDesk 800 G4 Mini. Nínú ti Lenovo, ThinkCentre M720q tàbí M920q. EliteDesk 800 G3 àti M910q fi ojú jọ wọ́n gan-an, wọn ò sì tó wọn, nítorí náà ẹ máa fi ojú ara yín ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ.

Ẹ má fojú di lẹ́tà T yẹn o. i5-8500T, 35 watts ni wọ́n ṣe é fún. I5-8500 tí kò ní T, 65 watts ni. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń mí hẹlẹ, ibẹ̀ gan-an ni èrè yín wà. Ká má tíì sọ ti àwọn tó wà lórí Band A, tí owó yúnítì wọn fò láti ₦68 sí ₦225 ní oṣù Kẹrin 2024. Kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́ta pẹ̀lú mọ́nítọ̀ wọn, bó bá jẹ́ ìwé lásán ni wọ́n ń tẹ̀, wọn kì í sábà fa iná tó 200 watts. Inverter kékeré á gbé e. Ẹ má ṣáà so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser mọ́ inverter náà, torí nígbà tó bá ń gbóná láti tẹ ìwé, òun nìkan lè fa ju gbogbo kọ̀ǹpútà yín lọ.

Ọmọ yín ò purọ́, tuntun dùn. Ṣùgbọ́n tuntun Dell tàbí HP, owó yín ò ní ra mẹ́ta. Tuntun tí apá yín lè ká ni àwọn kékeré tó ń wá láti Ṣáínà, bíi Beelink àti GMKtec, tí wọ́n ní Intel N100 nínú. N100 kì í ṣe ọjà burúkú. Ó jáde ní 2023, ó ní core mẹ́rin (àwọn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor), 6 watts péré ni wọ́n ṣe é fún, ó sì tó fún Word àti fọ́ọ̀mù JAMB. Àmọ́ i5-8500T ní core mẹ́fà, ẹ ó sì mọ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé project alábala igba tó kún fún àwòrán wá. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àtúnṣe. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) òmíràn nínú wọn, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù láti iléeṣẹ́. Bí nǹkan inú rẹ̀ bá kú lẹ́yìn ọdún kan, ta ni ẹ máa rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní pátì rẹ̀? Pátì OptiPlex àti EliteDesk kún Computer Village n'Íkẹjà, ẹ ó sì rí i ní Queen Cinema n'Íbàdàn. Tuntun ò sì fi dandan mọ́ tónítóní: ní 2024, wọ́n bá kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) nínú Windows àwọn mini PC kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Ẹnikẹ́ni tó bá ra irú wọn, kó nu Windows tó bá nínú rẹ̀, kó fi èyí tó gbà tààrà lọ́dọ̀ Microsoft rọ́pò rẹ̀.

Ó wá ku oní-refurbished yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí i?” Kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wo ẹnu rẹ̀. Ẹni tó tún un ṣe lóòótọ́ á sọ pé òun ṣí i, òun fọ́n eruku inú fáànù, òun pààrọ̀ ìpara (thermal paste) tó wà láàárín processor àti irin tó ń tù ú, òun fi SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pa mọ́ sí) tuntun sí i, òun lò ó lálòpa fún wákàtí bíi mélòó kan láti mọ̀ bóyá á gbóná kú. Á tún kọ warranty sórí ìwé, pẹ̀lú iye oṣù tó jẹ́. Bí gbogbo ohun tó rí sọ bá jẹ́ “Grade A ni, mà, ẹ wo bó ṣe ń dán”, ara ìta ló ń sọ. Tòkunbọ̀ tí wọ́n fi aṣọ nù nìyẹn, iye tòkunbọ̀ sì ni kí ẹ san.

Mo fẹ́ràn tòkunbọ̀ nítorí ibi tó ti ń bọ̀. Ọ́fíìsì ni wọ́n ti lo púpọ̀ nínú wọn, nínú yàrá tó tutù, níbi tí iná kì í ti í ṣe ségesège, kí iléeṣẹ́ tó ní wọn tó pààrọ̀ wọn. Ti káfé aládùúgbò yín ńkọ́? Eruku ọyẹ́, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ọmọ ogún tó ń fi ẹsẹ̀ ta á nísàlẹ̀ tábìlì. Ohun tí ẹ fi owó pọ́ọ́kú rà yẹn á tún gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́yìn.

Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, tàbí kí ẹ gé abala ìwé yìí mú lọ. Kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ lójú yín. Ti àwọn kékeré yìí kì í pẹ́ ṣí rárá. Ẹ wo eruku, ẹ wo bóyá orí súkúrúù ti họ. Kí wọ́n wọ BIOS (ojú ètò tó wà kí Windows tó ṣí): F2 ni ti Dell, F10 ni ti HP, F1 ni ti Lenovo. Bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí wọn ò mọ̀, ẹ dìde. Bí aago inú rẹ̀ bá ń sọ ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bátìrì CR2032 ló kú, kékeré nìyẹn. Kí wọ́n fi CrystalDiskInfo han ìlera SSD yín àti iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ẹ ki flash bọ gbogbo ihò USB rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àtẹ̀yìn. Ẹ lè tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀ sórí ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe é, Dell ń pe tiwọn ní Service Tag, láti mọ ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tà á.

Ṣájà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, àwọn èèyàn kì í sì í bojú wò ó. Àwọn kékeré yìí ò ní power supply nínú, bíríkì bíi ti laptop ni wọ́n ń lò, 65 watts tàbí 90 watts. Ti Dell máa ń dá ṣájà rẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá so ayédèrú mọ́ ọn, á kìlọ̀ fún yín bó bá ń tàn, lẹ́yìn náà á dín eré processor kù. Ẹ ó rò pé kọ̀ǹpútà ló ti gbó. Nínú BIOS Dell, ẹ ó rí ibi tó kọ iye watts ṣájà sí. Bó bá kọ “unknown”, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Àǹfààní bíríkì yìí ni pé 100 sí 240 volts ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ti Amẹ́ríkà ò ní jóná nílé wa.

Mọ́nítọ̀ àtijọ́ yín, ó dá mi lójú pé VGA ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yìí, DisplayPort ni wọ́n ní. Ẹ ra adapter DisplayPort sí VGA níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì dán an wò.

Kí ló dé tí mo fi ní ẹyọ kan ná? Ẹ gbé e sílé, kẹ́ ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí iṣẹ́ project bá le, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín má kẹ́ ẹ rárá. Bó bá dúró, ẹ padà lọ ra méjì tó kù, kó jẹ́ oríṣi kan náà gẹ́lẹ́. Bí ṣájà ọ̀kan bá kú lọ́jọ́ tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó yá ti èkejì. Bí bọ́ọ̀dù ọ̀kan bá kú pátápátá, RAM àti SSD rẹ̀ ti di ti àwọn yòókù. Owó tó bá ṣẹ́kù, bátìrì inverter ni kó lọ, kì í ṣe processor i7 tó lágbára ju i5 lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ra ThinkCentre Tiny tòkunbọ̀ kan, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo wá ní kí n tún Windows rẹ̀ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé orúkọ iléeṣẹ́ kan ní ìlú òyìnbó jáde, ó ní kí n tẹ ímeèlì wọn. Ṣé kòkòrò ni?
— Ọmọ Àkúrẹ́

Kì í ṣe kòkòrò, àbúrò mi. Windows Autopilot ni. Iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà yẹn ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, wọ́n sì tà á láìyọ orúkọ náà kúrò. Ẹni tó tà á fún ẹ ti fi Windows sí i nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí o ò fi rí i lákọ̀ọ́kọ́. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, á sì ṣiṣẹ́, àmọ́ ìgbàkigbà tí o bá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, á tún yọjú. SSD tuntun ò lè wò ó sàn, torí bọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n fi dá a mọ̀. Àwọn tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló lágbára láti yọ ọ́. Gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, kó fún ẹ ní òmíràn tàbí kó bá àwọn tó kó o wọlé sọ̀rọ̀. Bó bá ń jiyàn, tan íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ, jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rà, ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Windows tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì níwájú yín.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Fídíò ìgbéyàwó ni mò ń gé n'Íbàdàn. Mac mini àlòkù, kọ̀ǹpútà kékeré Apple tó ní processor M1, wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, RAM 8GB. Ṣé kí n rà á àbí kí n dúró de M4?
— Onífídíò

Dúró. M1 jáde ní 2020, ẹ̀rọ gidi ni, ṣùgbọ́n 8GB kò tó fún fídíò 4K oní kámẹ́rà mẹ́ta, o ò sì lè fi kún un láéláé nítorí pé ara processor ni RAM rẹ̀ wà. M4 tó jáde ní 2024 ń bẹ̀rẹ̀ láti 16GB. Bí o bá ní ẹbí ní London tàbí Amẹ́ríkà, kó wo apá ojúlé Apple tí wọ́n ti ń ta refurbished fúnra wọn; ìyẹn ni refurbished tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé, ó ní warranty ọdún kan bíi ti tuntun. Má fi owó kún un nítorí ààyè inú rẹ̀, SSD tí à ń so mọ́ ìta á gba fídíò rẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn náà lo máa padà rà nítorí owó, kó kọ́kọ́ yọ Apple Account rẹ̀ kúrò, kó pa Find My (ohun tí Apple fi ń wá ẹ̀rọ tó sọnù), kó sì nu gbogbo rẹ̀ níṣojú rẹ kí owó tó jáde lápò.