Ọjọ́ kẹrìnlá kọ́ ni gbogbo obìnrin ń lóyún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 33 ni mí. Ó ti tó oṣù 14 tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ. Nǹkan oṣù mi kì í ṣe ségesège, àmọ́ ọjọ́ 34 ló máa ń lò kó tó tún dé. Nọ́ọ̀sì kan ní ọjọ́ 14 nìkan ni ká máa sùn pọ̀, kí ọkọ mi tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ pa mọ́ títí dọjọ́ náà kó lè ki, ohun tí a sì ń ṣe nìyẹn. Ẹlòmíì ní ojoojúmọ́ ló yẹ. Obìnrin kan tún ní ilé ọmọ mi dọ̀tí, òun á bá mi fọ̀ ọ́, torí bí mo bá ti dìde ni àtọ̀ máa ń ṣàn jáde. Ara ọkọ mi le ní tiẹ̀, ó tún ń gba abẹ́rẹ́ tẹstostẹrónì, èròjà ara tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, kí àtọ̀ rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí màá ní kí ẹ gbọ́ tiẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó ní ojoojúmọ́ ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ọ̀rọ̀ kan sì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yín, tí ẹ kàn sọ kọjá, tó ká mi lára ju ìyókù lọ. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 14 yìí ti sú mi í gbọ́. Níbo ni wọ́n ti rí i? Lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lo ọjọ́ 28 ni. Láti ìgbà tí ẹyin bá ti bọ́ títí nǹkan oṣù tó kàn á fi dé, ó sábà máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 14. Apá ẹ̀yìn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Apá iwájú, ìyẹn láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ títí ẹyin á fi bọ́, ló ń gùn lára ẹnì kan tó sì ń kúrú lára ẹlòmíì. Nítorí náà, láti ẹ̀yìn là ń kà á bọ̀ wá síwájú. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 28, ó ku 14. Bó ṣe di òfin lẹ́nu wọn nìyẹn. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 34 tiyín, ó ku 20.

Ẹ mú kàlẹ́ńdà. Ká ní ọjọ́ 3 oṣù ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a máa pe ìyẹn ní ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kẹrìnlá yín bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù. Ẹyin yín á bọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 22. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin títí dé ọjọ́ 5, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹyin ní tiẹ̀, wákàtí 12 sí 24 péré ló ní. Àtọ̀ tí ọkọ yín fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó jọ, tó wọlé ní ọjọ́ 16, èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀ ti kú ní ọjọ́ 21. Ẹyin dé ní ọjọ́ 22, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Oṣù 14 lẹ fi ṣe èyí, ẹnì kan wá ń sọ fún yín pé ilé ọmọ yín dọ̀tí!

Mo sọ pé "nǹkan bí" o. Ẹyin lè yá, ó sì lè pẹ́, kódà lára ẹni tí oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ kúrò lórí ọjọ́ 14 kí ẹ lọ máa ṣọ́ ọjọ́ 20.

Àtọ̀ kì í ṣe owó inú kóló. Bó bá pẹ́ nínú ara, iye rẹ̀ á pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbó ló máa pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í rìn dáadáa mọ́. Ojoojúmọ́ ni ara ọkùnrin ń ṣe tuntun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, ẹ máa sùn pọ̀ lemọ́lemọ́: bó bá jẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ tún un ṣe ní Wẹ́sídeè tàbí Tọ́sìdeè, bẹ́ẹ̀ títí oṣù á fi yí po. Bí ẹ bá rí omi ojú ara tó mọ́ gaara, tó ń yọ̀, tó ń fà bíi funfun ẹyin tútù, àsìkò náà ti dé, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ojoojúmọ́ kò burú bó bá wù yín, àmọ́ mo ti rí tọkọtaya tí ó di iṣẹ́ àṣekára mọ́ lọ́wọ́, tí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta kó má bàa wọlé.

Èyí tó ń ṣàn jáde kò pa yín lára. Àwọn tó máa lọ ti wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi tó gbé wọn wá ló ń jáde. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè sára ògiri. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti nǹkankan sí yín lójú ara pé òun ń fọ ilé ọmọ. Ilé ọmọ ń fọ ara rẹ̀ lóṣooṣù. Irú fífọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti kòkòrò àrùn wọnú, àrùn sì lè dí túùbù, ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà kọjá. Ẹ sá fún obìnrin yẹn.

Wàyí o, abẹ́rẹ́ ọkọ yín. Tẹstostẹrónì tó ti ìta wọlé kì í mú àtọ̀ pọ̀, ńṣe ló ń gbẹ ẹ́. Bí ọpọlọ bá rí i pé ó ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n mọ́, kóró náà á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọkùnrin lè le bí irin kí ó má ní ẹyọ àtọ̀ kan nínú omi rẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò bó bá jáwọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba oṣù mélòó kan, ìgbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́ fún un tàbí ìdí tó fi kọ ọ́, torí náà ojú dókítà ni kó ti jáwọ́.

Oṣù 12 ti kọjá, ó tó kí ẹ̀yin méjèèjì ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ti lé ní ọmọ ọdún 35 ni, oṣù 6 ni mi ò bá ní kí ẹ dúró mọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ folic acid, irú fítámì kan, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, kó dáàbò bo ọmọ tó ń bọ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni kó ṣáájú, torí kò ní abẹ nínú, kò sì ní ìrora. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti fẹ́ kí ọkọ yín tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, fún ọjọ́ 2 sí 7. Bí kò bá dára, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 3, torí iye àsìkò tí àtọ̀ tuntun fi ń dàgbà nìyẹn. Tiyín ni ẹ̀jẹ̀, skáànì, àti àyẹ̀wò túùbù. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá ní ọjọ́ 21 fún ẹ̀jẹ̀ prógẹ́stẹ́rónì, èyí tó ń fi hàn bóyá ẹyin bọ́, ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ 34 ni oṣù tiyín: ọjọ́ 27, ìyẹn ọjọ́ 7 lẹ́yìn ọjọ́ 20 tí ẹyin bọ́, ni kí wọ́n fà á.