Ẹ wọn fóòmù yín kí ẹ tó kúrò l'Ákùúrẹ́

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ìyá wa. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ máa lò lọ́dọ̀ àbúrò yín ní London, pé ilé tuntun yín l'Ákùúrẹ́ ṣófo, kí lẹ lè rà bọ̀ tí kò ní di ẹrù lásán. Ẹrù London ti fojú mi rí nǹkan, nítorí náà ẹ gbọ́ tèmi.

Kìló ló máa kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ yín kí pọ́n-ùn tó tán. Báàgì kan kì í sábà gbọdọ̀ ju kìló 23 lọ, báàgì òfìfo fúnra rẹ̀ sì lè ti jẹ mẹ́rin níbẹ̀. Ìkòkò irin tó nípọn tí gbogbo èèyàn ń yìn yẹn, méjì péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì báàgì. Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ fún Ọjà Ọba àti Arákálẹ̀ l'Ákùúrẹ́ níbí, ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ìbòrí ìrọ̀rí àti táwẹ̀lì ni kí ẹ náwó lé. Òwú wọn dáa, wọn ò sì wúwo jù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú àwa ará ilé. Fóòmù tiwa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà ló pọ̀ jù, tàbí mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà. Èyí tí wọ́n ń pè ní king níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré ló fẹ̀, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 150 ní fífẹ̀, 200 ní gígùn. Ẹ ó rí “king” lára ọ̀rá rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ni bàbá gbogbo wọn. Ẹ ó délé, ẹ ó fà á títí, igun ṣíìtì ò ní dé igun fóòmù. Super king ni kí ẹ bèèrè, 180 sí 200. Gígùn rẹ̀ á ṣẹ́ kù díẹ̀, ẹ ká a sábẹ́. Double wọn, 135 sí 190, bá mẹ́rin ààbọ̀ tiwa mu. Ẹ tún wo bó ṣe jìn, torí fóòmù wa máa ń ga. Ṣíìtì tó ní rọ́bà létí, tí wọ́n kọ sẹ̀ńtímítà 25 sí lára, kò lè bo fóòmù íǹṣì 12 láéláé.

Duvet ńkọ́? Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tog, òun ló ń sọ bó ṣe móoru tó. Ti ìgbà òtútù, 13.5, ta ló fẹ́ fi ṣe kí ni l'Ákùúrẹ́, ọyẹ́ ì báà mú? Ẹ má kọjá 4.5. Wọ́n á ní kí ẹ fi ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde dì í. Ọ̀rá yẹn ń dín àyè tó gbà kù ni o, kò dín kìló rẹ̀ kù.

Kọ́tìnnì, ẹ má rà. Télọ̀ wà nílé tó máa wọn fèrèsé yín kó tó rán an.

Ní ti ohun èlò iná, plọ́ọ̀gì wọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà la ń lò, fólítì 230 náà sì ni. (Ti Amẹ́ríkà ló yàtọ̀: 120 ni, bùlẹ́ńdà wọn á jó mọ́ yín lọ́wọ́.) Ṣùgbọ́n ẹ dorí kẹ́tùlù wọn kodò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ka ohun tó wà nídìí rẹ̀. Wáàtì 3000 ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò pé wáàtì 1000, ṣé òun lẹ fẹ́ fi gbé e?

Ẹnì kan á ní kí ẹ tọ́jú rìsíìtì, pé wọ́n á dá owó VAT padà fún yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìyẹn ti parí ní England láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú, òfin ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ńlá wọn ṣí ju wákàtí mẹ́fà lọ, ọ̀sẹ̀ kan sì ni tiyín. Ẹ kúkú jẹ́ kí àbúrò yín bá yín rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ débẹ̀ kí ẹ bá a nílẹ̀. Ọjọ́ 14 ni òfin fúnni láti sọ pé èèyàn ò fẹ́ ẹ mọ́, láti ọjọ́ tí ọjà bá ti délé, torí náà kó má tètè rà á jù.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára àwo tánganran, ẹ ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú ìbòrí ìrọ̀rí, ẹ tò ó ní ìdúró, ẹ má tò ó ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ wá fi táwẹ̀lì há àárín wọn. Ẹ gbọn báàgì náà wò. Bó bá dún, ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tún un dì. Àwo tèmi wọ bàálù dé Èkó láìfọ́, àárín Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó ni kòtò ti fọ́ ọ. Ọ̀bẹ, inú báàgì ńlá ni kó wà o, wọ́n á gbà á bó bá wà ní báàgì ọwọ́. Ẹ má sì ra nǹkan kan náà ní dọ́sìn-dọ́sìn, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má lọ rò pé ọjà títà lẹ kó dé.

Lálẹ́ òní, ẹ fi téèpù wọn fóòmù yẹn, fífẹ̀, gígùn àti gíga, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí àbúrò yín. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún èmi náà, màá sọ ṣíìtì tó máa bá a mu fún yín.